Ẹ jẹ́ kó jinná kó tó dé oko: bí a ṣe ń sọ ìgbẹ́ ẹran àti ti ṣalángá di ajílẹ̀

Ìbéèrè méjì ni ẹ̀ ń bi mí ní gbogbo ìgbà látìgbà tí owó àpò fatiláísà ti kọjá ohun tí ọwọ́ ń ká. Àkọ́kọ́: "Ṣé mo lè kó ìgbẹ́ adìyẹ lónìí kí n dà á sídìí ewébẹ̀ lónìí?" Ìkejì, èyí tí ẹ máa ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi mí: "Sókéwéè ilé wa ti kún, ṣé kò ṣeé lò lóko?"

Rárá ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Ti ìkejì gùn díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé torí rẹ̀ lẹ ṣe wá, ẹ má ṣí ìdérí ohunkóhun kí ẹ tó ka apá náà tán.

Ìgbẹ́ tútù dà bí ẹ̀gẹ́ tútù. Oúnjẹ ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é kó jinná. Mo mọ̀, torí mo ti fọwọ́ ara mi jó oko mi rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbin ṣọkọ lẹ́bàá odò Asa nílùú Ìlọrin, mo ra àpò ìgbẹ́ adìyẹ mẹ́jọ, mo dà á sórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo bomi rin ín, mo lọ sílé, inú mi ń dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, etí ewé ti rí bí ẹni pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ló yè. Ìyá tó ń gbin ewébẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí, ó ní, "Àáfà, ẹ ò bi wá léèrè." Ó mú mi lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó kó tirẹ̀ jọ sí, ó ní kí n ki ọwọ́ bọ inú òkìtì náà. Mi ò lè fi ọwọ́ síbẹ̀ ká tó méje. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń dáná tí yóò fi sè é. Iṣẹ́ tiwa ò ju pé ká to igi rẹ̀ dáadáa.

Ìgbẹ́ wo lẹ ní lọ́wọ́?

*Ti adìyẹ.* Òun ló lágbára jù, torí pé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ jọ ń jáde ni. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ti kéèjì ni, tàbí ti adìyẹ tó ń gbé nílẹ̀ lórí sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì. Ti kéèjì le gan-an, ó sì máa ń rin. Ti orí sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì ti ní ohun gbígbẹ nínú tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò ní gba koríko púpọ̀ mọ́.

*Ti ewúrẹ́ àti àgùntàn.* Ó dára, kì í rùn púpọ̀, ṣùgbọ́n kóró-kóró ni, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, tàbí kí ẹ fi igi lù ú díẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá, kò sí agboolé ní Ìlọrin tí kò ní í rí i: ibi tí wọ́n so àgbò mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbẹ́, èèpo ẹ̀wà àti koríko tó jẹ kù ti pò pọ̀ fúnra wọn. Ìdajì iṣẹ́ ti parí níbẹ̀, àwọn èèyàn á tún gbá a dà sí gọ́tà!

*Ti màlúù.* Ẹ lè rí i ní kára, ìyẹn ọjà màlúù, Àjàṣẹ́-Ìpo, tàbí níbi tí àwọn Fúlàní ti ń da ẹran sùn. Agbára rẹ̀ kò tó ti adìyẹ, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé èso koríko oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀ láàyè. Bí ẹ kò bá jẹ́ kó gbóná dáadáa, ẹ̀ ń ra èpò ni. Níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ẹ tún lè gba koríko inú ṣàkì, èyí tí wọ́n máa ń fọ̀ dà nù. Ó máa ń tètè mú òkìtì gbóná.

*Ti ajá àti ológbò.* Ẹ má lò ó rárá. Aràn inú rẹ̀ máa ń mú èèyàn.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìgbẹ́, ó kéré tán bárò mẹ́rin
- Ohun gbígbẹ: koríko, pòròpórò àgbàdo tí ẹ gé kéékèèké, èèpo ẹ̀pà, ewé máńgòrò, tàbí sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì
- Ṣọ́bìrì, ọkọ́ àti bárò
- Omi nítòsí
- Ọ̀pá irin kan tó gùn tó apá méjì
- Tàpólì, tàbí àpò bakó tí ẹ tú tí ẹ sì rán pọ̀
- Bàtà rọ́bà gígùn, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú

Ẹ má fojú kéré ìbòmú. Eruku ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan lórí sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì, torí pé ọ̀fẹ́ tàbí owó kékeré lẹ máa fi rí i ní àdúgbò Sawmill nílùú Ìlọrin. Ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n kò tètè jẹrà. Ẹni tó bá fi òun nìkan ṣe ohun gbígbẹ yóò dúró pẹ́. Bó bá sì kó o lọ sóko kó tó jẹrà tán, ńṣe ni yóò máa fa náítírójìn ilẹ̀, oúnjẹ tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, mọ́ra, ewébẹ̀ á wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ fi koríko pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sì gba ti pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán sí.

Títo òkìtì

1. Ẹ wá ibi tó ní ibòòji, tí omi òjò kì í dúró sí. Orí ilẹ̀ gan-an ni kó wà, kì í ṣe orí sìmẹ́ńtì, kí ekòló lè gòkè wá nígbà tó bá tutù. Kó jìnnà sí kànga tó mítà 30, kó má sì wà lókè kànga.

2. Ẹ tẹ́ pòròpórò tàbí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sílẹ̀, kó ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò máa gbà wọlé.

3. Ẹ máa to ó ní ìpele-ìpele, ohun gbígbẹ lákọ̀ọ́kọ́, kí ìgbẹ́ tẹ̀ lé e. Bárò ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́:
   - ìgbẹ́ adìyẹ kéèjì: bárò 1 sí koríko bárò 3
   - ìgbẹ́ adìyẹ orí sọ́ọ̀dọ́ọ̀sì: 1 sí 1
   - ìgbẹ́ màlúù, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn: 1 sí 1, tàbí kí koríko lé díẹ̀

4. Ẹ wọ́n omi sí ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ bu díẹ̀ láàárín, kí ẹ fún un mọ́ ọwọ́ pinpin. Bí omi bá kán ẹ̀kán kan tàbí méjì láàárín ìka, ó tó. Bó bá ń ṣàn, ẹ fi koríko gbígbẹ kún un. Bí ẹ bá la ọwọ́ tó fọ́n ká, omi kò tó.

5. Ẹ tò ó ga dé àyà. Fífẹ̀ rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mítà kan. Ibí ni ọ̀pọ̀ ń kùnà sí. Òkìtì kékeré ò lè gbóná, bí iná igi méjì ò ṣe lè se ìkòkò àmàlà ìnáwó. Bí ìgbẹ́ yín kò bá tó, ẹ kó o pamọ́ sínú àpò níbi gbígbẹ títí yóò fi tó, kí ẹ wá tò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

6. Ẹ bò ó. Lásìkò òjò, tàpólì ni, kí omi má baà ṣan oúnjẹ inú rẹ̀ lọ. Lásìkò ọyẹ́, koríko nípọn tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dára, kí atẹ́gùn má baà fa omi rẹ̀ gbẹ.

7. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fà á yọ kí ẹ di ibi tó wọlé mú. Bí ẹ kò bá lè dì í mú kí ẹ fi ka méní dé márùn-ún, ó ti ń jinná. Ẹni tó bá ní tẹmómítà, ìwọ̀n 55 sí 65 °C ni kó máa wá. Ooru yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn, ẹyin aràn àti èso èpò.

8. Ẹ dà á kọ, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ní ìgbà márùn-ún. Kì í ṣe kí ẹ kàn rò ó pọ̀ bí ọkà o. Ohun tó wà lẹ́yìn ni kó bọ́ sí àárín, kí ti àárín bọ́ sẹ́yìn, torí pé ẹ̀yìn òkìtì kì í gbóná. Àrùn tó bá sá sí etí, ibẹ̀ ni yóò ti padà wá. Ẹ wo omi rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan.

9. Lẹ́yìn ìgbà karùn-ún, ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ ṣì máa bò ó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọjọ́ méje ni tirẹ̀ ń gbà, ẹ bi í bóyá ó ti tà á tán.

Bí ó bá ṣe ségesège

*Ó ń rùn bí ìtọ̀, ó ń ta ojú.* Ìgbẹ́ ti pọ̀ jù. Náítírójìn tí ẹ̀ ń wá ló ń fò lọ yẹn. Ẹ fi koríko gbígbẹ kún un, ẹ dà á kọ.

*Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́.* Omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ẹ tú u, ẹ sá a fún wákàtí díẹ̀, ẹ tún un tò.

*Kò gbóná rárá.* Ẹ wo mẹ́ta: ṣé ó kéré jù, ṣé ó gbẹ, ṣé koríko ló pọ̀ jù? Koríko inú ṣàkì tàbí ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ yóò jí i.

*Àárín rẹ̀ funfun bí eérú, ó gbẹ táútáú.* Ó ti gbóná jù. Ẹ bu omi sí i, ẹ dà á kọ lójú ẹsẹ̀.

*Ikán ti wọ̀ ọ́.* Ó gbẹ ni. Ikán kì í fẹ́ ibi tó rin tó sì gbóná.

*Eṣinṣin.* Ìgbẹ́ wà níta. Koríko ni kó máa parí òkìtì lókè, kì í ṣe ìgbẹ́.

Àṣìṣe kan tún wà tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn àgbà pàápàá: bíbu eérú sínú ìgbẹ́ tútù kó má baà rùn. Eérú ló ń lé náítírójìn jáde nínú ìgbẹ́ adìyẹ. Òórùn tó ń ta imú yẹn gan-an ló máa pọ̀ sí i. Ẹ tọ́jú eérú yín, kí ẹ wọ́n ọn sóko lọ́tọ̀ nígbà míì. Bákan náà, ọ̀rá, bátìrì àti gíláàsì kò gbọdọ̀ bá ìgbẹ́ wọ òkìtì. Ìdọ̀tí tí a gbá nínú ọjà kún fún wọn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti jinná?

- Ó dúdú, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ kò lè mọ èyí tó jẹ́ ìgbẹ́ mọ́
- Ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí
- Kò gbóná mọ́, kódà lẹ́yìn tí ẹ dà á kọ
- Ekòló ti wọ̀ ọ́

Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ pò ó pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ní ìdajì-ìdajì sínú agolo kan, kí ẹ gbin ẹ̀wà mẹ́wàá síbẹ̀. Ẹ gbin mẹ́wàá míì sínú iyẹ̀pẹ̀ lásán. Bí ti inú ajílẹ̀ kò bá hù, tàbí tí ewé rẹ̀ jó, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.

Lílò rẹ̀ lóko

Bẹ́ẹ̀dì ewébẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì gùn ní mítà 10, kílò 10 sí 20 tó o. Àpò sìmẹ́ńtì kan tó kún dáadáa kò jìnnà sí kílò 20. Ẹ fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀ òkè, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbìn. Fún àgbàdo, ẹ̀kúnwọ́ méjì sí ihò kan, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó kí kóró tó wọlé. Fún iṣu, ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ ebè.

Ẹni tí kò bá lè ṣe òkìtì rárá, tí ìgbẹ́ tútù nìkan ló ní, ọ̀nà kan ṣì wà fún un: kó tú u sórí ilẹ̀ òfìfo, kó kọ ọ́ mọ́lẹ̀, kó má sì kórè ewébẹ̀ kankan níbẹ̀ kí ọjọ́ 120 tó pé. Àgbàdo ni mo máa fi síbẹ̀, kì í ṣe ewédú.

Ṣalángá àti sókéwéè

Ẹ rọra ka apá yìí.

Ẹ má wọ inú ihò ṣalángá tàbí sókéwéè láti kó ìgbẹ́, bó ti wù kó gbẹ tó. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń pa èèyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá sì pọ̀ tán, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ẹni náà á rò pé ibẹ̀ ti mọ́. Ẹni tó bá sáré wọlé láti yọ ti àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ṣe ìkejì òkú. Ẹ má ṣáná, ẹ má mu sìgá lẹ́nu rẹ̀.

Ti sókéwéè: ẹ pe ọkọ̀ tó ń fà á, kí ẹ sì béèrè ibi tó ń dà á sí. Ọṣẹ, oògùn fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti àwọn nǹkan míì wà nínú rẹ̀, ẹ kò lè fi òkìtì ẹ̀yìnkùlé tún un ṣe. Awakọ̀ kan bẹ̀ mí rí pé òun á da ọkọ̀ kan sóko mi lọ́fẹ̀ẹ́, "ajílẹ̀ gidi ni o, Àáfà." Mo dúpẹ́, mo ní kó máa bá tirẹ̀ lọ. Onígbáméjì àti táífọ́ọ̀dù máa ń bá ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọ ewébẹ̀, ẹyin aràn sì lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kódà kó lé lọ́dún.

Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ kọ́ ṣalángá tó máa ń di ajílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú oko tàbí lábúlé ni mo dámọ̀ràn èyí fún, kì í ṣe agboolé tó há.

1. Ẹ gbẹ́ ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ìkọ̀ọ̀kan jìn ní mítà 1.5 péré. Mítà 30 sí kànga, bí ti òkìtì. Ìsàlẹ̀ ihò kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí omi ilẹ̀ máa ń dé nígbà òjò. Ní etí odò, ẹ má gbẹ́ ẹ rárá.
2. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ máa lò. Lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, eérú àti ewé gbígbẹ lé e. Níbí ni eérú ti wúlò, torí pé pípa àrùn la ń wá ju náítírójìn lọ.
3. Ẹ má da omi ìwẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ń fomi ṣan ara lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kó ṣàn án sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí omi náà á gbà lọ.
4. Bó bá kún, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ dí i, ẹ kọ déètì sára pákó kan, ẹ kàn án mọ́ ibẹ̀, kí ẹ bọ́ sí ìkejì.
5. Ọdún kan gbáko ló kéré jù nínú ooru ilẹ̀ wa kí ẹ tó hú u. Èmi máa ń jẹ́ kó rí òjò ọdún méjì.
6. Ìdí ọsàn, máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kó lọ. Kò gbọ́dọ̀ dé ìdí tòmátì, kárọ́ọ̀tì tàbí ewé tí a máa ń jẹ ní tútù.

Ọ̀nà míì wà tó rọrùn ju èyí lọ: ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn ní mítà kan, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ tó nípọn bò ó, kí ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí rẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní hú u láéláé. Èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ìtọ̀ èèyàn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ náítírójìn ara wa, inú ìtọ̀ ló ń bá jáde. Ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, ẹ fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́fà, ẹ bù ú lé omi, ìtọ̀ 1 sí omi 5, kí ẹ dà á sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo. Kó má kan ewé. Ẹ dáwọ́ dúró ní oṣù kan ṣáájú ìkórè.

Yàtọ̀ sí ajílẹ̀

*Gáàsì ìdáná.* Ìgbẹ́ màlúù tútù àti omi ní ìdajì-ìdajì, nínú táńkì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, máa ń mú gáàsì tó ṣeé fi dáná jáde. Kílò 25 ìgbẹ́ lójúmọ́ lè mú nǹkan bí kúbíìkì mítà kan wá. Ẹni tí kò ní màlúù mẹ́ta tó ń sùn nílé rẹ̀, kó má na owó lé e. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ bá yín kọ́ ọ. Omi dúdú tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ ṣeé dà sóko.

*Ìdin.* Ìdin eṣinṣin dúdú gígùn, kì í ṣe ti eṣinṣin ilé, máa ń jẹ ìgbẹ́ adìyẹ di kékeré, adìyẹ àti ẹja sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ yan án nínú ìkòkò kí ẹ tó fún wọn.

*Eegun.* Ẹ sun ún nínú iná títí yóò fi funfun, ẹ gún un lódó tí ẹ kò fi ṣe oúnjẹ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti káṣíọ́ọ̀mù, tí ewéko ń jẹ, ló pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí ata àti tòmátì ni mo máa ń bù ú sí.

Ìgbà wo ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀?

Láàárín oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá. Koríko pọ̀ nígbà yẹn, òjò ti ń lọ, àwọn tó ń dáná sungbó kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ gé e, ẹ sá a, ẹ gbé e pamọ́ kí iná tó jó o. Òkìtì tí ẹ bá tò lásìkò yẹn á ti jinná kí òjò oṣù kẹrin tó dé, ẹni tó ń fi omi odò gbin ewébẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn á sì rí i lò ṣáájú ìyẹn. Tí ọyẹ́ bá dé, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ máa fi ọwọ́ fún un wò, torí pé ọyẹ́ Kwara lè fa omi òkìtì gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ tú u. Bí èéfín funfun bá ń rú jáde lójú ibi tí ṣọ́bìrì gbà wọlé, ẹ dà á bò padà kíákíá, iná rẹ̀ ṣì ń jó.